Apọ́ngbọ̀n Ni A Wà, Ẹ́ńjìnnì Wa Kò Gbọdọ̀ Máa Gbọ̀n

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ sọ ní gbangba nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa yìí, nítorí pé ẹ̀yìn wa ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn olówó mọ́tò àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń wí pé àwa awakọ̀ ni à ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Wọ́n ní a kò mọ ọkọ̀ tọ́jú, wọ́n ní ẹsẹ̀ wa wúwo, wọ́n ní ohun tí kì í ṣe tiwa kì í dùn wá. Bí mọ́tò bá ti ń gbọ̀n lórí ìdúró bí ẹni tí ibà ń ṣe, awakọ̀ ni wọ́n ń nàka sí, owó awakọ̀ ni wọ́n sì ń gé.

Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹ́ńjìnnì tí ń gbọ̀n, àìtọ́jú ni ó sábà máa ń fà á. Ìtọ́jú mọ́tò, iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní àkókò tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. Ẹni tí kò fún wa ní àkókò, tí kò fún wa ní owó plọ́ọ̀gì, kò lẹ́nu láti bi wá pé kí ló dé tí mọ́tò ń gbọ̀n.

Orúkọ àdúgbò tí à ń jẹun nínú rẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ William McCoskry ni ó ti wá, òyìnbó tí ó jẹ́ adelé gómìnà Èkó ní 1861 nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, ni àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó bá sọ ọ́ ní Apọ́ngbọ̀n. Irùngbọ̀n ni ó pọ́n o, kò sẹ́ni tí ó ní kí mọ́tò máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró ní Apọ́ngbọ̀n ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti bo orí afárá. Ẹ ó gbọ́ ọ: ọ̀kan ń hu bí arúgbó, èkejì ń kú lójú ọ̀nà tí awakọ̀ ń tún un sí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀kẹta ń gbọn èrò tí ó wà nínú rẹ̀ bí ẹni ń jọ ìyẹ̀fun. Nǹkan ìtìjú ni, nǹkan ìpàdánù owó sì ni.

OHUN TÍ Ń MÚ ẸŃJÌNNÌ GBỌ̀N

Ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù ń fẹ́ ohun mẹ́ta: epo, afẹ́fẹ́ àti iná. Bí a bá wọn epo kan lórí òṣùwọ̀n, afẹ́fẹ́ tí yóò bá a jóná dáadáa yóò wúwo tó o ní ọ̀nà 14.7. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù tàbí tí ó kéré jù, iná kò ní mú bí ó ti yẹ.

Nígbà tí mọ́tò bá ń sáré, ẹ́ńjìnnì ń yí kíákíá, ìyípo náà a sì máa bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sílò, ìyẹn ìgbà tí mọ́tò dúró tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kò yí ju bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ọgọ́rùn-ún sí mẹ́sàn-án ọgọ́rùn-ún (600 sí 900) lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ni àbùkù kékeré ti ń fara hàn. Bí sílíńdà kan nínú mẹ́rin bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, àwọn mẹ́ta yòókù ni yóò máa wọ́ ọ, gbogbo ara ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n. Ó dà bí ìgbà tí ọkùnrin mẹ́rin gbé ẹrù, tí ọ̀kan ṣàdédé jọ̀wọ́ ọwọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, sílò tí kò dára, aago ìkìlọ̀ ni. Ó ń sọ fún wa pé nǹkan kan ti ń bàjẹ́ nígbà tí owó àtúnṣe rẹ̀ ṣì kéré. Kí wá ni àwọn ènìyàn ń fi aago náà ṣe? Wọ́n ń fi àkísà dí i lẹ́nu. Wọ́n á ní kí mẹkáníìkì bá wọn gbé sílò sókè. Yóò yí sìkúrù, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, kò ní kú mọ́, gbogbo wọn á ní ó ti dáa. Kò dáa! Plọ́ọ̀gì tó dọ̀tí ṣì dọ̀tí síbẹ̀, họ́ọ̀sì tó ya ṣì ya síbẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ kò ju pé epo ń jó sí i, tí jíà ń dún gbàù nígbà tí a bá fà á, tí ọkọ̀ sì ń fẹ́ rìn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wa wà lórí bíréèkì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí ó tó di 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan kò tó N200 ní Èkó. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti ku díẹ̀ kí ó pé N1,000. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ara rẹ̀ le, tí ó dúró sójú kan, lè jẹ tó ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan. Èyí tí ara rẹ̀ kò le, tí wọ́n tún gbé sílò rẹ̀ sókè, ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo wákàtí mélòó ni a ń lò lórí Afárá Èkó ní ọjọ́ kan, kí ẹ wá wo owó tí ń bá èéfín lọ. Ta ni ó ni owó náà? Awakọ̀ dánfó mọ̀ ọ́n: àpò rẹ̀ ni epo ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ owó ojúmọ́ olówó mọ́tò kò dín kọ́bọ̀ kan.

BÍ A ṢE LÈ TỌ́JÚ RẸ̀ FÚNRA WA

Àwọn kan á ní, "Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ awakọ̀." A kò gbà. A kì í ránṣẹ́ pe dókítà kí ó wá bá ni fọ ẹnu. Mẹkáníìkì jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tiwa, a kò sì fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ṣì ń dúró dè é: fáàfù, top gasket, gíábọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ni ó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a ó sọ yìí kò ju sípánà díẹ̀, àkísà mímọ́ àti sùúrù lọ.

Èkínní, fítà afẹ́fẹ́. Eruku Èkó kò ní àánú. Ẹ yọ fítà náà, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá lè gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ́ńjìnnì náà kò lè mí. Èyí tí ó jẹ́ bébà, ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù jẹ́jẹ́. Bí ó bá ti dúdú tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi epo fọ ọ́. Ẹ má sì ṣe yọ ọ́ sọ nù pátápátá bí àwọn kan ti ń ṣe, nítorí eruku tí ó bá wọlé yóò máa ha ògiri sílíńdà títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa jẹ ọ́ìlì.

Èkejì, plọ́ọ̀gì. Ẹ dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó tú u. Ẹ fẹ́ eruku tó yí i ká kúrò kí ó má bàa jábọ́ sínú. Ẹ tò ó bí ẹ ṣe tú u, kí ẹ mọ èyí tí ó jẹ́ ti sílíńdà wo. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ojú rẹ̀ bí ìwé. Èyí tí ojú rẹ̀ ní àwọ̀ bíi ti tíì tí a fi mílíìkì sí, ara rẹ̀ le. Èyí tí ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí ó sì gbẹ, epo pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ kò tó. Èyí tí ó tutù fún ọ́ìlì, ọ́ìlì ń wọ sílíńdà, iṣẹ́ mẹkáníìkì ti dé nìyẹn. Èyí tí ó funfun tí ẹnu rẹ̀ sì ń jẹ, ooru pọ̀ jù. Àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì náà ní ìwọ̀n: ẹ wo ìwé ọkọ̀, ẹ má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ń dá a padà, ọwọ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé kí ẹ tó fi sípánà fún un, kí òjé rẹ̀ má bàa bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, wáyà plọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Bí ẹ kò bá mọ sílíńdà tí kò ṣiṣẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ ẹnu wáyà kọ́ìlì kan, kí ẹ tó tún tan án. Bí gbígbọ̀n rẹ̀ bá le sí i, sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá yàtọ̀ rárá, ẹ ti mú olè náà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì padà, ẹ dá wáyà náà padà kí ẹ tó bọ́ sórí èyí tó kàn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ fa wáyà plọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: iná rẹ̀ ń gbá ènìyàn ṣubú.

Ẹ̀kẹrin, àwọn họ́ọ̀sì kékeré tí ń gbé afẹ́fẹ́. Ooru ń gbẹ wọ́n, wọ́n á sì ya. Afẹ́fẹ́ tí a kò kà mọ́ ọn á máa gba ibẹ̀ wọlé, sílò á sì dàrú. Ẹ fetí sílẹ̀: ó máa ń dún ṣìì-ṣìì bí ejò. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù. Èyí tí ó le gbagidi tí ó sì ń sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ń bàjẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹnu throttle. Lára àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń lo nozzle, ẹ̀gbin dúdú máa ń yí ilẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ ká títí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí ọ̀nà gbà lórí sílò. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ẹ fi àkísà àti oògùn ìfọ̀ tí wọ́n ń tà fún un nù ún. Ẹ má ṣe fi agbára tì í. Àwọn tí ọkọ̀ wọn ṣì ní kábúrétọ̀, ihò kékeré inú rẹ̀ ni kí ẹ fẹ́ dànù, kì í ṣe kí ẹ fi irin gún un.

Ẹ̀kẹfà, fítà epo. Tí ó bá dí, epo kò ní dé bí ó ti yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, ẹ máa tú omi kúrò nídìí fítà yín, nítorí omi ni ọ̀tá dísẹ́ẹ̀lì.

Èkeje, síìtì ẹ́ńjìnnì. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá dán tí ara ọkọ̀ sì ń gbọ̀n, ẹ wo rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra plọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ó jẹ́ rọ́bà ni ó já.

Bí iná ẹ́ńjìnnì bá sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń kà á. Àwọn kan ń fi téépù bo iná náà. Ẹni tí ó fi téépù bo iná, ojú ara rẹ̀ ni ó dí.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ewu. A ti rí ohun tí iná lè ṣe lábẹ́ afárá yìí ní 23 oṣù kẹta 2022, tí ọjà jó, tí ọkọ̀ jó, tí wọ́n fi ti Afárá Èkó pa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi bẹntiróòlù fọ páàtì nítòsí ìdáná tàbí ẹni tí ń fa sìgá. Ẹ̀yin ará ilé-iṣẹ́, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ nínú ṣẹ́ẹ̀dì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

KÌ Í ṢE GBOGBO ÌGBỌ̀N NI Ẹ̀BI AWAKỌ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ka ìwé wa yìí ní kọ̀rọ̀, ẹ rántí oṣù kejì 2022. Bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n wọ orílẹ̀-èdè yìí láti òkè òkun. Àjọ NMDPRA tí ìjọba fi ṣọ́ epo jẹ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn tí ń tà á kó o kúrò. Methanol a máa fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àti irin fúyẹ́ inú ọ̀nà epo. Àwọn ọkọ̀ tí ó mu ún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, òmíràn kú sójú títì. Lẹ́yìn náà ni ìlà dé ilé-epo gbogbo. Ṣé awakọ̀ ni ó wa ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e wá? Ṣé kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni ó yẹ̀ ẹ́ wò ní èbúté? Síbẹ̀, awakọ̀ ni ó tú táńkì, awakọ̀ ni ó ra fítà, ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró, awakọ̀ ni kò jẹun.

Ilé-iṣẹ́ kan wà tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ń gé owó oṣù awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní ó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. A lọ bá wọn. A ní kí wọ́n mú ìwé sẹ́fíìsì ọkọ̀ náà wá. Wọn kò rí ìwé. A ní kí wọ́n ṣí fítà afẹ́fẹ́: ó dà bí àpò èédú. A ní kí wọ́n fi ìwé tí awakọ̀ náà kọ hàn wá, èyí tí ó fi sọ fún fóòmánù pé ọkọ̀ ń gbọ̀n. Èyí ni wọ́n rí, ó wà nínú fáìlì, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọn kò gé owó mọ́. Èyí tí wọ́n ti gé, a ṣì ń bá wọn jà á.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa mọ òfin. Abala 5 nínú Labour Act kò fún agbanisíṣẹ́ láyè láti kàn gé owó òṣìṣẹ́ nítorí ohun tí ó bàjẹ́. Àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí tí ó jẹ́ àìbìkítà tirẹ̀ ni ó fà á. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, labour officer ìjọba tí òfin fún láṣẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Ọ̀gá kò lè jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí ó jẹ́ olùfisùn, kí ó jẹ́ adájọ́, kí ó tún jẹ́ ẹni tí ń gba owó ìtanràn.

Òfin yìí wà fún òṣìṣẹ́ tí ó ní agbanisíṣẹ́. Ẹ̀yin awakọ̀ dánfó tí ẹ ń san owó ojúmọ́, àdéhùn ni òfin tiyín. Ẹ má ṣe gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀: ta ni yóò ra plọ́ọ̀gì, ta ni yóò san owó ọ́ìlì, ọjọ́ wo ni mọ́tò yóò dúró fún ìtọ́jú tí ẹ kò ní san owó ojúmọ́ kíkún. Olówó mọ́tò tí ó gba owó ọjọ́ méje láàárín ọjọ́ méje kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń wa màlúù rẹ̀ ní wàrà tí kò sì fún un ní koríko. Ọjọ́ tí màlúù bá kú, yóò ní darandaran ni ó pa á.

Wọ́n tún máa ń sọ pé kìlómítà ọkọ̀ kò tíì pé fún sẹ́fíìsì. Ẹ dá wọn lóhùn pé kìlómítà kì í ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọkọ̀ tí ó lo wákàtí mẹ́ta láti Apọ́ngbọ̀n dé Ojúẹlẹ́gbà kò rin ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́ta gbáko nínú ooru. Wákàtí ni kí a máa kà fún ọkọ̀ Èkó, bí a ti ń kà á fún jẹnẹrétọ̀.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Èkínní: wákàtí méjì fún ìtọ́jú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí a kà á mọ́ àkókò iṣẹ́, kí a sì san owó rẹ̀.

Èkejì: kí ilé-iṣẹ́ tàbí olówó mọ́tò ra plọ́ọ̀gì, fítà àti ọ́ìlì. Kò sí òṣìṣẹ́ tí ń fi owó oṣù rẹ̀ ra ẹ̀rọ fún ọ̀gá.

Ẹ̀kẹta: ìwé sẹ́fíìsì kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí awakọ̀ bá rí, kí ó kọ ọ́. Ohun tí fóòmánù bá ṣe, kí ó kọ ọ́. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin: kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé owó awakọ̀ nítorí ẹ́ńjìnnì láìsí ìwé náà níwájú, láìsí aṣojú ẹgbẹ́ níbẹ̀, àti láìtẹ̀lé òfin.

Ẹ̀karùn-ún, èyí sì kan àwa ọmọ ẹgbẹ́: kí gbogbo awakọ̀ kọ́ bí a ṣe ń tú plọ́ọ̀gì kí a sì ka ojú rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n láàárín wa, kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ìmọ̀ tí a kò fi lé ọmọ lọ́wọ́, inú sàréè ni yóò bá wa lọ.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí a bá jókòó níwájú mánéjà láti bá a dúnàá-dúrà, ẹ jẹ́ kí a jókòó bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó lè fi plọ́ọ̀gì dúdú lélẹ̀ lórí tábìlì, tí ó sì lè sọ ohun tí ó mú un dú, kò sẹ́ni tí yóò lè pè é ní abaṣẹ́jẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ mú páálí àti bírò dání, ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí, kí ẹ sì gbé e wá sí ìpàdé ẹ̀ka.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.